Ẹlẹ́ṣin Òsì àti Fídíò Èrúkù

Ìran tó wà ní Òsì àti Ìlọ́fà ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìpàyà. Àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà àti àwọn ti Ìlọrin ń ya wọ agbègbè náà, wọ́n ń kó ọmọ ènìyàn lẹ́rú, títí tí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣẹ́gun ìlú méjèèjì lọ́dún 1897. Nǹkan bí ọdún 1880 ni wọ́n bí Aréògún ará Òsì, ìyẹn ni pé àsìkò tí ogun ń tán lọ ló fi dàgbà. Nígbà tó wá di ọ̀gá agbẹ́gilére, jagunjagun lórí ẹṣin wà lára ohun tó ń gbẹ́ sórí ère Ẹpa, ìyẹn ère tí wọ́n máa ń gbé jó níbi ọdún. Ẹlẹ́ṣin a tóbi, àwọn tó yí i ká a rí tíńtín. Ogun náà ti mú ọ̀pọ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójúde níbi ọdún, akọni tiwọn ni ìlú gbé ga, kò gbé ẹni tó wá kó wọn.

Àwọn kan lè ní agbẹ́gilére kì í ṣe akọ̀ròyìn, pé ọ̀kan ń yin ìlú, èkejì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì ló ń yan ẹni tí yóò tóbi lójú wa, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti ń gba ìwọ̀n. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ CAC kan ní Èrúkù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti ní ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí Òsì náà wà, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó 38 lọ. Kámẹ́rà ìjọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí fídíò náà fi kan Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń tún un gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n léraléra. Ohun tí olùwòran rí ni ìbọn tó ń dún àti àwọn olùjọsìn tó ń wá abẹ́ àga sá sí. Nínú àwòrán yìí, ajínigbé ni ẹlẹ́ṣin. Àwa la di tíńtín.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni pé fídíò yẹn ló gba àwọn ènìyàn náà là. Ààrẹ Tinubu sún ìrìn àjò rẹ̀ sí Gúúsù Áfíríkà síwájú, ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 23 oṣù náà, àwọn 38 ti gba ìtúsílẹ̀. N kò ní jiyàn pé ariwo kò wúlò. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé ẹ̀rù náà jẹ́ irọ́: oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n pa Olúkòrò, ọba ìlú Kòrò, sínú ààfin rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ariwo tó bá ń tẹ̀ lé kámẹ́rà kò lè tẹ̀ lé ewu. Ẹni tó ń gbé ní ìlú ńlá, tí kò ní gba ọ̀nà oko Èrúkù láéláé, ti ń bẹ̀rù láti lọ sí ilé ìjọsìn. Àgbẹ̀ tó ń gba ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́ ni ìròyìn kò kà sí. Ajínigbé náà sì ń wo fóònù. Ó rí i pé ibi tí kámẹ́rà wà ni orúkọ òun ti ń tóbi.

Ẹ bi ara yín bóyá ẹ rántí Ìsapá. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni òun àti Èrúkù wà. Ọjọ́ kejì tí àwọn ará Èrúkù gba ìtúsílẹ̀ ni àwọn agbébọn wọ Ìsapá, tí wọ́n kó ènìyàn mọ́kànlá lọ, tọmọdé tàgbà. Kò sí fídíò.