Bíríkì Mẹ̀kúnnù Ló Kọ́ Pápá Beira-Rio

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí a bá dárúkọ pápá ìṣeré ńlá, owó ìjọba ni ọ̀pọ̀ yín máa ń rò. Ìtàn pápá Beira-Rio ní ìlú Porto Alegre, ní gúúsù ilẹ̀ Bràsíìlì, fi hàn wá pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Internacional, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909, ló ni pápá náà. Ní 1956 ni ìjọba ìlú yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n omi Guaíba ló bo ibẹ̀. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi yẹ̀pẹ̀ dí i. Àwọn ẹlẹ́gàn ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé orí omi ni pápá wọn yóò máa léfòó.

Wọ́n ké sí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tó ní bíríkì mú bíríkì wá. Ẹlòmíràn gbé sìmẹ́ǹtì, ẹlòmíràn gbé irin. José Pinheiro Borda, ọmọ ilẹ̀ Pọtogí, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ó kú ní 1965, kò rí òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1969 ni wọ́n ṣí i, Internacional sì fi ayò 2 sí 1 borí Benfica.

Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ ńlá ló tún un ṣe fún Ife Àgbáyé 2014. Ṣùgbọ́n bí mẹ̀kúnnù kò bá kọ́ ọ, kí ni wọn ìbá tún ṣe? Níbẹ̀ ni Ahmed Musa, ọmọ Jọ́ọ̀sì, ti gbá ayò 2 wọlé Argentina, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà pàdánù pẹ̀lú 3 sí 2. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí ọmọ Nàìjíríà tó ṣe irú rẹ̀ rí nínú eré Ife Àgbáyé kan ṣoṣo. Níbẹ̀ náà ni Algeria ti bá Jámánì fà á, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ààwẹ̀ Ramadan 1435, títí di àfikún àsìkò kí Jámánì tó fi 2 sí 1 borí.

Ní oṣù karùn-ún 2024, ẹ̀kún omi wọ inú pápá náà. Kí ọdún náà tó parí, eré ti padà síbẹ̀.

Àwa tí a ń dáwó kọ́ ilé-kéwú àti ilé-ìwé ládùúgbò, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tó mú bíríkì 1 péré wá. Kò mọ ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, síbẹ̀ ó mú un wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.