Ayọ̀délé àti Máàkì Kan Ṣoṣo

Lóde òní, bí a bá ṣí fóònù wa, a máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá eré kìlómítà kan, tí wọ́n á lọ ti ẹrù wúwo, tí wọ́n á tún sáré, tí wọ́n á tún gbé àpò iyanrìn lé èjìká. HYROX ni wọ́n ń pè é. Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀: eré kìlómítà kan lẹ́ẹ̀mẹjọ, iṣẹ́ agbára mẹ́jọ láàárín wọn. Àríyànjiyàn tí a máa ń bá ara wa ṣe lórí rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ta ló máa ń borí níbẹ̀, asáré ni àbí alágbára?

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n HYROX kan wà tó ń jẹ́ decathlon, èyí tó wọ Òlíńpíìkì ní Stockholm ní 1912. Ìdíje mẹ́wàá ni, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì ń fi ṣe é. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á sá eré 100 mítà, wọ́n á fò jìnnà, wọ́n á ju irin, wọ́n á fò sókè, wọ́n á sì fi eré 400 mítà parí ọjọ́. Lọ́jọ́ kejì, eré 110 mítà tí a ń fo igi nínú rẹ̀ ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni jíju àwo, fífi ọ̀pá fò, jíju ọ̀kọ̀, àti eré 1500 mítà tó máa ń bá ènìyàn nígbà tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí eré àti agbára ṣe ń pín ara kan ṣoṣo lò, ibẹ̀ ni kó lọ wò.

Ẹnì kan wà nínú ìtàn decathlon tó yẹ ká mọ̀ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Daley Thompson ni gbogbo ayé ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ rẹ̀ lódindi: Francis Morgan Ayodele Thompson. Ṣé ẹ rí i? Ayọ̀délé ni wọ́n gé kúrú tó fi di Daley. Ní Notting Hill, London, ni wọ́n bí i ní ọjọ́ 30 oṣù keje 1958. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Scotland ni ìyá rẹ̀. Bàbá náà kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Délé ni àwa ì bá pè é nílé. Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di Daley.

Nígbà tó fi máa di 1984, ó ti gba góòlù Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀kan, ní Moscow ní 1980. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ní góòlù ọ̀fẹ́ ni, torí pé Amẹ́ríkà àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì kọ̀, wọn ò lọ sí Moscow. Nínú àwọn tí kò lè lọ ni Jürgen Hingsen wà, ọmọ Jámánì kan tó ga tó bíi mítà méjì. Lẹ́yìn ìgbà náà, Thompson nà án ní Athens ní 1982, ó tún nà án ní Helsinki ní 1983. Síbẹ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ń lọ ó ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì bíi bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n dé Los Angeles ní oṣù kẹjọ 1984, ọwọ́ Hingsen ni rẹ́kọ́ọ̀dù náà wà: máàkì 8798.

Kí a tó lọ sórí pápá, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ máàkì. Nínú decathlon, ipò tí ènìyàn gbà nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan kò já mọ́ nǹkan kan. Tábìlì kan wà tó ń sọ àkókò tàbí mítà di máàkì, àròpọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n sì ń wò. Tábìlì 1985, èyí tí wọ́n ṣì ń lò dòní, ni àwa fi ṣírò iṣẹ́ Thompson ní Los Angeles, ohun tí a sì rí nìyí.

Ó sá 100 mítà ní 10.44: máàkì 989. Ó fò jìnnà dé 8.01 mítà: 1063. Ó ju irin dé 15.72: 834. Ó fò sókè dé 2.03: 831. Ó sá 400 mítà ní 46.97: 960. Lọ́jọ́ kejì, ó fo igi ní 14.33: 932. Àwo, 46.56: 799. Ọ̀pá, 5.00 mítà: 910. Ọ̀kọ̀, 65.24: 817. Eré 1500 mítà, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 35: 712. Ẹ rò ó pọ̀, 8847 ló máa fún yín.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Nínú àwọn nǹkan mẹ́ta tí wọ́n ń jù, kò sí èyí tó fún un tó máàkì 850. Eré kúkúrú àti fífò ló fi jẹun. Ká ní agbára apá nìkan ni wọ́n ń wò ni, Thompson kì í ṣe ẹni tí à bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni èyí: nígbà tí a to iṣẹ́ àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, márùn-ún sí márùn-ún ni. Thompson borí Hingsen nínú 100 mítà, fífò jìnnà, 400 mítà, ọ̀pá àti ọ̀kọ̀. Hingsen borí rẹ̀ nínú irin, fífò sókè, igi, àwo àti 1500 mítà. Báwo wá ni ẹnì kan ṣe gba góòlù? Níbi tí Thompson ti borí, ó kó máàkì tó lé ní 400 lé Hingsen lórí. Níbi tí wọ́n ti borí rẹ̀, gbogbo ohun tó pàdánù kò tó 280. A ò sọ pé kò pàdánù o. Ó mọ bí a ṣe ń pàdánù díẹ̀ ni.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni jíju àwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni olúkúlùkù ní láti jù. Hingsen ju àwo tirẹ̀ dé 50.82 mítà. Thompson ju ti àkọ́kọ́, kò dára. Ó ju ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò tíì dára. Ó wá ku ẹyọ kan. Ká ní ó dúró sórí mítà 41, máàkì 685 ni ì bá gbà, ìyẹn ni pé 114 ì bá ti dànù lójú ẹsẹ̀, Hingsen ì bá sì ti gba iwájú. Thompson ju ẹlẹ́ẹ̀kẹta: 46.56. Kò borí Hingsen níbẹ̀, kódà kò sún mọ́ ọn. Àmọ́ ó ṣì wà níwájú nínú àròpọ̀, ìyẹn ló sì ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n mú ọ̀pá, Hingsen ò lè kọjá 4.50, Thompson fò dé 5.00. Máàkì 150 ni ìyàtọ̀ yẹn nìkan. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àbí kò parí? Nígbà tí eré 1500 mítà kù, góòlù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Thompson. Rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ló kù. Ó dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí eré. Wọ́n ṣírò ó lórí tábìlì ìgbà náà: 8797. Máàkì kan ṣoṣo ló fi dín sí ti Hingsen. Ká ní ó yára díẹ̀ si, kò sì ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ì bá ti gbà á. Àwọn àgbà ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀ díẹ̀ náà ni nǹkan fi ń jò dànù.

Ṣùgbọ́n ìtàn ò sùn. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n tún fọ́tò òpin eré igi wò, wọ́n sì rí i pé 14.33 ni Thompson sá, kì í ṣe 14.34. Máàkì kan wọlé: ó di 8798, òun àti Hingsen jọ di rẹ́kọ́ọ̀dù mú. Nígbà tí wọ́n fi tábìlì 1985 ṣírò iṣẹ́ méjèèjì, ti Hingsen di 8832, ti Thompson di 8847. Òun nìkan ló wá kù lókè, títí Dan O'Brien ọmọ Amẹ́ríkà fi gba 8891 ní 1992. Ní ilẹ̀ Britain ní tiwọn, títí di 2024, kò tíì sí ẹni tó kọjá 8847.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò jọ èyí tí wọ́n máa ń sọ fún wa, pé kí a jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ohun gbogbo. Nílé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá gba ipò kejì nínú ẹ̀kọ́ kan á máa sunkún. Thompson gba ìyà nínú ìdíje márùn-ún lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ó sì na ẹni náà. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, kò jẹ́ kó bàjẹ́ jù. Èyí tó sì fojú kéré, ìyẹn ìparí 1500 mítà, gba máàkì kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ẹ̀yìn ọdún kí ó tó padà.

Fún àwa tí a gbọ́ èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká máa pe orúkọ náà tán. Ayọ̀ náà pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó délé.