Àtúnṣe ìmí nínú àwòrán PET/CT
Àtúnṣe ìmí ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dín ìdàrú tí mímí aláìsàn ń fà nínú àwòrán PET/CT kù. Ní 1998 ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó pa PET (tó ń tọpa oògùn onítànṣán nínú ara) àti CT (tó ń fi ìtànṣán X ya ara) pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Pittsburgh, Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni CT fi ń ya àyà. Ṣùgbọ́n PET ń lo ìṣẹ́jú mélòó kan lójú kan, aláìsàn á sì ti mí lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán méjèèjì lè má bára mu. Kókó tó wà lókè ẹ̀dọ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ hàn bí ẹni pé inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà. Kókó tó kéré a sì máa ṣe bàìbàì. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí aláìsàn máa mí jẹ́jẹ́ nígbà tí CT ń yà á. Wọ́n tún lè de bẹ́líìtì tó ń tọpa ìmí mọ́ ọn láyà, kí kọ̀ǹpútà wá ṣa ohun tí PET gbà ní ìpele ìmí kan náà jọ.