Bí Ìwé Owó Ilé Ṣe Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

 Ọ̀rọ̀ ilé háyà la gbé wá lónìí.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ìwé ńlá ni onílé Amẹ́ríkà ń lò, bíi ti àwọn onílé tiwa: orúkọ ayálégbé, oṣù tó ti san, oṣù tó jẹ. Ẹni tó ní yàrá mẹ́rin lè há gbogbo rẹ̀ sórí. Ẹni tó ní igba yàrá ńkọ́?

Ní 1979 ni Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Bí o bá yí iye kan padà nínú rẹ̀, àròpọ̀ á yí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Anant Yardi, ọmọ Íńdíà tó ń gbé ní Santa Barbara ní California, ṣe ètò kan sórí Apple II láti fi bójú tó ilé háyà tirẹ̀. Ní 1984 ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń tà á fún àwọn ẹlòmíràn. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù: ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn gan-an ló wá oògùn rẹ̀.

Íńtánẹ́ẹ̀tì wá gbé e ga. Buildium bẹ̀rẹ̀ ní 2004, AppFolio ní 2006. Ìpolówó yàrá, ìwé àdéhùn, owó ilé sísan, ẹ̀sùn pé páìpù bẹ́, ìṣirò owó tó wọlé àti èyí tó jáde, gbogbo rẹ̀ wà lójú kan. Ká má purọ́, ó ran ayálégbé náà lọ́wọ́: rìsíìtì kò sọnù mọ́. Ẹ ṣáà mọ ìjà “mo ti san, o ò tíì san” ládùúgbò wa.

Ṣùgbọ́n ìwé tó wà nínú àpótí onílé tẹ́lẹ̀ ti dé ọwọ́ ẹni tó ta ètò. RealPage, ilé-iṣẹ́ kan ní Texas, tó ra Buildium ní 2019 ní 580 mílíọ̀nù dọ́là, ní ètò kan tó ń jẹ́ YieldStar. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ iye tí onílé yóò gbé lé yàrá. Ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, tó ń yí owó tíkẹ́ẹ̀tì padà nígbà gbogbo, ni ọgbọ́n náà ti wá. Ní 2022 ni ìwé ìròyìn ProPublica tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta. Ní oṣù Kẹjọ 2024, ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ mẹ́jọ gbé RealPage lọ sílé ẹjọ́, pé ó ń kó àṣírí owó àwọn onílé tó yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn díje jọ, kó tó sọ iye fún wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ní irọ́ ni.

Bí onílé mẹ́wàá bá pàdé lábẹ́ igi, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé owó yàrá á gòkè, gbogbo wa la máa sọ pé wọ́n lẹ̀dí àpò pọ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá gbọ́ àṣírí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tó wá ń sọ iye fún wọn níkọ̀ọ̀kan, ṣé wọ́n pàdé àbí wọn ò pàdé? Lójú tèmi, wọ́n pàdé.

San Francisco kò dúró de ilé ẹjọ́. Ní 2024 kan náà, ìlú náà ṣòfin pé kí onílé má fi irú ètò bẹ́ẹ̀ dá iye lé yàrá mọ́. Philadelphia náà tẹ̀lé e.