Ta Ni Yóò Yan Ọ̀nà Ìkọ́ni? Ìtàn Ìlànà Ẹ̀kọ́ láti Èkó dé Etí Òkun Ìlàjẹ

Láti ìgbà tí ìjọba ti ń dá sí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ìbéèrè kan ti ń jẹ yọ: bí ìjọba bá ti sọ ohun tí ọmọ yóò mọ̀, ta ni yóò yan ọ̀nà tí yóò fi yé e?

Ní 1887, òfin ẹ̀kọ́ ìlú Èkó so owó ìrànwọ́ tí àwọn ilé-ìwé ìjọ ń gbà mọ́ èsì ìdánwò. Bí ọmọ bá ti yege tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó. Olùkọ́ tó mọ̀ pé ìsìpẹ́tọ̀ ń bọ̀ kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí kò sí nínú ìdánwò. Àkọ́sórí ló sì máa ń gbapò òye níbi tí ọ̀ràn bá rí báyìí.

Ní ọjọ́ 17, oṣù January, 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954, di nǹkan bí 811,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí a gbà kò tíì kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Irú wọn nílò ìwé tó ń júwe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá ni ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí kò mọ ọ̀nà. Ẹni tó ti mọ ọ̀nà kò yẹ ní ẹni tí a ń fipá mú tẹ̀pá.

Ní January 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, àfi Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì tún àwọn olùkọ́ dá lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ní 1977, Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè ní kí a kọ́kọ́ fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ. Ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ugbò, ní Màhìn àti ní Ayétòrò, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bí ó ti rí lórí ìwé. Yorùbá àjùmọ̀lò ló wà nínú ìwé kíkà. Ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ ni ọmọ gbé wá láti ilé. Nínú àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní Ìlàjẹ, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ìlú Ugbò jẹ́rìí sí i. Bí ọmọ bá kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ lè fi bírò pupa fà á. Ó sì lè kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sójú pátákó, kí ọmọ rí i pé òfin èdè ló fa ìyàtọ̀ náà, kì í ṣe àìmọ̀wé. Kò sí ìlànà tó lè jókòó ní Àbújá kí ó yan èyí fún un.

Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, lẹ́yìn ìpàdé Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè ní Àkúrẹ́, wọ́n fagi lé e: Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Láàárín ọdún mẹ́ta, àṣẹ yí padà. Ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé-ìwé kò pààrọ̀ èdè rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ló kù tí yóò wá ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ yóò fi yé e.

Nítorí náà, kí ìjọba sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ó kọ́ olùkọ́ dáadáa, kí ó fún un ní ìwé, kí ó sì máa bẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láìfi owó dẹ́rù bà á. Ẹni tó wà ní èbúté lè sọ ibi tí ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó di àjẹ̀ mú ló ń rí omi tó wà níwájú.