Ẹṣin Gígùn fún Ìtọ́jú Ọ̀dọ́ Akàndá Ẹ̀dá

Ọ̀nà kan ni ẹṣin gígùn jẹ́ láti tọ́jú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ara wọn kò ṣe déédéé, pàápàá àwọn tó ní cerebral palsy, ìyẹn àbùkù ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ara gbọ́ràn bó ṣe yẹ. Ìrìn ẹṣin gan-an ni oògùn náà. Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa mi ìbàdí ẹni tó gùn ún síwá-sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò, bí ìbàdí ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ṣe ń mì. Ọmọ tí kò rìn rí yóò mọ bí ìrìn ṣe ń rí lára. Iṣan ikùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ kó má baà ṣubú. Lórí ẹṣin, ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tún wá ga ju àwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lọ, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré.

Ẹnìkan a máa fa ẹṣin, àwọn mìíràn a máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Akoto kì í kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí egungun ọrùn rẹ̀ kò dúró dáadáa, bíi ti àwọn kan tó ní Down syndrome, kò gbọdọ̀ gun ẹṣin.

Lis Hartel, agẹṣin ọmọ Denmark, ló mú kí ayé gba ìtọ́jú yìí gbọ́. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú ní 1944. Àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé e sórí ẹṣin. Síbẹ̀ ó gba fàdákà nínú ìdíje ẹṣin gígùn ní Òlíḿpíìkì Helsinki ní 1952. Ní 1969 ni wọ́n dá Riding for the Disabled Association, ẹgbẹ́ ẹṣin gígùn fún àwọn akàndá ẹ̀dá, sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.