Òfò Tí A Kì í Kà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ òfò inú ìtàn, ogun ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Nígbà ogun 1914 sí 1918, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà bá àwọn ará Jámánì jà ní Kamẹrúùnù. Ní òpin 1916, ọkọ̀ ojú omi kó wọn láti Èkó lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Tànsáníà lónìí. Àwọn aláàárù ló ru ọta ìbọn àti oúnjẹ, àìsàn sì pa púpọ̀ nínú wọn lójú ọ̀nà. Ta ni ó kọ orúkọ wọn? Ní 2021, ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó sàréè àwọn ológun Ilẹ̀ Ọba jẹ́wọ́ pé, ó kéré tán, 116,000 ènìyàn, tí wọ́n sì lè tó 350,000, ni a kò fi orúkọ wọn ṣe ìrántí lẹ́yìn ogun náà. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn.

Òfò mìíràn wà nínú ogun kan náà tí kò ní òkú. Láti 1870 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá fẹ́ àjèjì kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ẹ wo obìnrin tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò dé Jámánì rí, ṣùgbọ́n tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ará Jámánì. Ogun dé, òun náà di ọ̀tá. Ó gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, àní bí àwọn arákùnrin rẹ̀ bá wà lójú ogun tí wọ́n ń jà fún Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó di oṣù kìíní 1949 kí òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá.

Amẹ́ríkà náà ṣe irú rẹ̀ ní 1907. Ethel Mackenzie, ọmọ bíbí Kalifọ́níà, fẹ́ ọkọ ará Skọ́tílándì ní 1909. Nígbà tí àwọn obìnrin ibẹ̀ gba ẹ̀tọ́ ìdìbò, ó lọ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Ó pẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì pòfo ní 1915. Àwọn adájọ́ ní òun ló fínnúfíndọ̀ lọ́kọ, ó sì mọ ohun tí òfin wí. Ní 1922 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún òfin náà ṣe.

Kí a má sọ pé ọ̀ràn òyìnbó ni. Nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 26, ìyàwó àjèjì tí ọmọkùnrin wa fẹ́ lè forúkọ sílẹ̀ kí ó di ọmọ Nàìjíríà. Ọkọ àjèjì tí ọmọbìnrin wa fẹ́ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Láàárín ara wa ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2012, Adájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo lọ búra ní Àbújá fún Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Wọ́n dá a padà, nítorí pé Ìpínlẹ̀ Ábíá, tí í ṣe ti ọkọ rẹ̀, ni ó wá ṣojú fún, Anambra sì ni a bí i sí. Adájọ́ àgbà tí ó dá a padà, obìnrin ni! Ariwo pọ̀ kí a tó búra fún un.

Àwa tí a wà ní Òkè Ọya mọ̀ ọ́n dáadáa. A bí ọmọbìnrin wa síhìn-ín, ó lọ́kọ níhìn-ín. Bí iṣẹ́ ìjọba bá yọ, wọn a ní kí ó mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá. Ìlú bàbá rẹ̀ a ní ó ti di ti ọkọ. Ìlú ọkọ a ní àlejò ni. A ti bá irú wọn dé kánsù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́, tí àyè tí ó yẹ kí a kọ ìpínlẹ̀ sí ṣì ṣófo.